Òkúta Ẹfun Ewékorò àti Ìpele Rẹ̀

Láti ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń wa òkúta ẹfun ní Ewékorò, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó. Ògiri kòtò náà ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè wò ó yóò rò pé òkúta kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti pín in sí ìpele mẹ́rin.

Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ní iyanrìn nínú, nítorí pé orí iyanrìn àtijọ́ ni ó jókòó lé. Èyí tí ó tẹ̀ lé e kún fún ìkarahun ìgbín òkun àti ti àwọn ẹ̀dá omi mìíràn, tí a lè fi ojú lásán rí. Kì í ṣe ènìyàn ni ó kó wọn síbẹ̀. Ní nǹkan bí 60,000,000 ọdún sẹ́yìn, òkun tí kò jìn ni ó bo gbogbo àgbègbè náà. Bí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ti ń kú ni ìkarahun wọn ń rì sísàlẹ̀, tí ẹrẹ̀ ẹfun sì ń bò wọ́n, títí gbogbo rẹ̀ fi di òkúta. Nínú ìpele kẹta, ewé òkun tí ara rẹ̀ le bí ẹfun ni ó pọ̀. Èyí tí ó wà lókè pátápátá pupa, ó sì ní fọ́sífétì. Amọ̀ dúdú tí ó ń ṣí bí ojú ewé ìwé ni ó bo gbogbo wọn. Ẹfun àti amọ̀ ni a sì ń sun pọ̀ di sìmẹ́ńtì!

Irú òkúta yìí wà ní Ṣàgámù pẹ̀lú, ó sì nà dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí ẹni tí ń gbẹ́ kànga bá kan òkúta funfun, kí ó gún díẹ̀ nínú rẹ̀ kúnná, kí ó sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ó bá hó, òkúta ẹfun ni. Amọ̀ funfun, tí àwọn kan ń pè ní ẹfun pẹ̀lú, kò ní hó.

Ẹni tí ó bá rí i kò lè tà á o. Òfin ohun àlùmọ́nì ti ọdún 2007 fi òkúta náà sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú tọ́ sí ẹni tí a bá ba irúgbìn, igi eléso tàbí ilé rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ ka igi kòkó, obì àti ọ̀pẹ rẹ̀, kí ó kọ iye wọn sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tó wọ oko.