Ọwọ́ Tí Ó Yẹ Láti Gún Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Kòrónà. Èrò tí yóò gbà á pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò gún un kò tó. Nítorí náà, ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà fún àwọn onímọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì, àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí jàǹbá ṣe kí ó tó dé ilé ìwòsàn, ní àṣẹ láti máa gún un.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ẹni tí kì í ṣe dókítà kò ha ní ṣe ènìyàn léṣe bí?” Òfin náà kò gbójú fo ìbẹ̀rù yìí. Olúkúlùkù ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa abẹ́rẹ́ náà yanjú. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dunjú yóò sì wò ó bí ó ti ń ṣe é, yóò sì jẹ́rìí pé ó tó.

Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí a ti kọ́ ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ dókítà. Bí irú wọn bá dé ìletò, ẹ má ṣe wo oyè. Ẹ̀kọ́ wọn ni kí ẹ wò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.