Ohun tí ń ṣẹ́ Irin Líle

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé irin tí ó le jù ni ó dára jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní oṣù kẹta 2013, ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún nọ́ọ̀tì mọ́ ọ̀pá irin 96 dan-in-dan-in lára afárá tuntun. Àwọn ni yóò di afárá mú bí ilẹ̀ bá mì. Kí oṣù náà tó parí, 32 ti ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n nípọn tó íǹṣì 3! Láti 2008 ni wọ́n ti wà nínú ihò, tí omi dúró sí i. Háídrójìn, afẹ́fẹ́ tí ó fúyẹ́ jù lọ, ti wọ inú wọn. Irin rírọ̀ ìbá kọ́kọ́ tẹ̀. Èyí kàn sán ni.

Ní 1875 ni William Johnson ti kọ̀wé pé irin tí a rì sínú ásíìdì a máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ a padà bí ó bá pẹ́ díẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ irin ṣe ń yan irin líle nínú ààrò lẹ́yìn irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí háídrójìn lè jáde.