Òkè Sóbi Nígbà Òjò: Ọ̀rọ̀ lórí Ọdẹ àti Ajá Rẹ̀

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a fẹ́ bá àwọn ọdẹ àti ajá wọn gun òkè Sóbi ní àkókò òjò yìí, ìbéèrè méjì ni a ń gbọ́ kiri ìlú. Èkíní: kí ni a ń wá lórí àpáta nínú òjò? Èkejì, tí ó sì wúwo jù: kí ni ajá ń wá láàárín àwa ọmọ Ìlọrin, ìlú àwọn àlùfáà?

Ẹ jẹ́ kí a mú èkejì ṣáájú. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́, pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó ni ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síhìn-ín, àti pé òkúta kan wà tí àwọn ọdẹ fi ń lọ irin wọn. Ìlọ irin yìí ni ó di Ìlọrin. Kí Àfọ̀njá tó dé, kí Ṣéù Àlímì tó mú ìmọ̀ wá, idà àti ọfà ọdẹ ni a ń pọ́n níhìn-ín. A kò sì rò pé ẹni tí ó pọ́n irin rẹ̀ fún igbó ọ̀sán yóò fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Ìdí tí ajá fi di ohun ẹ̀gàn lójú àwọn kan kò ṣòro láti mọ̀. Ajá ni ẹran Ògún. Òun ni wọ́n fi ń bọ ọ́. Ẹni tí ó kọ òrìṣà sílẹ̀ sì lè rò pé òun ní láti kọ ẹran òrìṣà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ni Àlùkùránì wí? Nínú Súrátùl Máídà, ẹsẹ 4, a yọ̀ǹda ohun tí ẹran ọdẹ tí a kọ́ bá mú wá fún wa, kí a sì pe orúkọ Ọlọ́run sí i. Nínú Súrátùl Kahfi, ẹsẹ 18, ajá ni ó na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà ihò níbi tí àwọn olùgbàgbọ́ ti sùn. Ẹ̀kọ́ Ímáàmù Máàlíkì tí àwọn àlùfáà wa ń tẹ̀ lé kò pe ara ajá ààyè ní aláìmọ́. Àwo tí ajá bá lá ni a pàṣẹ pé kí a fọ̀ nígbà méje. Àwọn hádíìsì sì gbà ajá láàyè fún ọdẹ, fún darandaran àti fún ìṣọ́ oko. Ẹni tí ó bá ń sọ ajá ọdẹ lókùúta, kì í ṣe ẹ̀sìn ni ó rán an.

Ní ti òkè náà, àpáta ńlá ni Sóbi. Orí rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 394 ju ojú òkun lọ, kò sì sí ibòmíràn ní Ìlọrin tí ó ga tó o. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ níhìn-ín. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni lè gun òkè. Nínú òjò ni a ti ń mọ iṣẹ́ ajá. Ilẹ̀ tútù a máa di òórùn ẹran mú pẹ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Imú ajá a sì mọ̀ ibi tí òyà gbà kọjá ní òwúrọ̀. Bí òjò bá wá pọ̀ jù, ó fọ òórùn náà dànù, ajá á máa yí po bí ẹni tí ó sọ owó nù. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jáde nínú àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò. Ìgbà tí ó bá dá tán, tí ewéko ṣì ń ta omi, ni ó ń lọ.

Koríko ti ga ju ajá lọ ní àkókò yìí. Ìdí nìyí tí a fi ń so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, kí etí lè tẹ̀ lé e níbi tí ojú kò tó. Bí ṣaworo bá dákẹ́ ṣáá, ó lè jẹ́ pé ajá ti mú ẹran, ó sì lè jẹ́ pé paramọ́lẹ̀ ti bù ú jẹ. Fèrè ni a fi ń pè é padà, àwọn àgbà sì ti wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí ẹ bá wà lórí àpáta, ẹ tẹ ibi tí ajá tẹ̀. Nǹkan dúdú kan bo ojú àpáta náà tí ó máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá nígbà tí omi bá kàn án. Ajá a yà fún un, ọmọ ènìyàn a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbàgà. (Bàtà aláwọ̀ dídán tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn kò wúlò níbẹ̀ rárá.)

Ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré nìyí. Bí a bá fẹ́ kí ìlú gba ajá padà, ajá wa kò gbọdọ̀ mú dìgbòlugi wọ ìlú. Láti ọdún 1885, tí Pasteur, ará Faransé, ti fi abẹ́rẹ́ gba ọmọdékùnrin kan tí ajá oníwèrè jẹ sílẹ̀, kò sí àwíjàre fún wa mọ́. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ajá jẹ, tí ó fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì yára gba abẹ́rẹ́, a máa là. Ajá tí kò bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọdún yìí kò ní bá wa lọ, ìbáà jẹ́ ajá ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ.

Bárékè àwọn ọmọ ogun wà nítòsí òkè náà; a ó tọrọ àyè kí a tó lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú ìbọn dání. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni a ó gbéra. Nígbà tí a bá padà, ẹ tú irun ajá wò, pàápàá etí àti abẹ́ apá, nítorí eégbọn pọ̀ nínú koríko tútù. Bí a bá sì wà lókè, kí ẹni kan máa wo ìhà ìlà oòrùn, nítorí láti ibẹ̀ ni ìjì òjò wa sábà ti ń dìde. Bí ó bá rí i tí ó ṣú, kí ó fọn fèrè, kí ènìyàn àti ajá sọ̀ kalẹ̀ kí àrá tó bá wa lórí àpáta.