Àsunwọ̀n àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀

Àwọn àgbà ní: ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù. Nígbà mìíràn, kì í ṣe pé ewé kù. Ewé mìíràn ni wọ́n já dípò rẹ̀. Ìdílé àsunwọ̀n jẹ́ èyí tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn nínú rẹ̀, nítorí pé òdòdó wọn jọ ara wọn ní àwọ̀ ìyeyè, èso wọn sì máa ń wà nínú àpò bíi ti ẹ̀wà.

Ẹni tí ó bá béèrè àsunwọ̀n lọ́wọ́ ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, tàbí ní Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Àsunwọ̀n ìbílẹ̀, Senna podocarpa, jẹ́ ọmọ igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àsunwọ̀n òyìnbó, Senna alata, wá láti ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ pé àlejò ni. Òdòdó rẹ̀ nà ró ṣánṣán bí àbẹ́là, àpò èso rẹ̀ sì ní ìyẹ́ mẹ́rin. Àpò ti ìbílẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sì ní ìyẹ́.

Àwọn olùwádìí náà ní ohun tí wọn yóò ṣọ́. Linnaeus kó ọ̀pọ̀ nínú ìdílé yìí sí abẹ́ orúkọ Cassia ní 1753. Ní 1982, Irwin àti Barneby pín in sí mẹ́ta: Cassia, Senna àti Chamaecrista. Nítorí náà, ìwé àtijọ́ lè pe ewé kan ní Cassia, kí ti òde òní pe ewé kan náà ní Senna. Pierre Fatumbi Verger, tí ó di babaláwo ní Kétu ní 1953, so orúkọ Yorùbá pọ̀ mọ́ irú orúkọ báyìí nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tí ó jáde ní 1995.

Ewé àsunwọ̀n òyìnbó tútù tí a gún ni wọ́n fi ń pa làpálàpá. Àgbo àsunwọ̀n sì ń tú inú líle. Èròjà inú ewé náà kì í ṣiṣẹ́ títí yóò fi dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń tú u kí ìfun tó máa sún. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mu ún lálẹ́ fi ń rí iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹni tí kò ní sùúrù, tí ó tún bu ife kejì lẹ́yìn wákàtí kan, ni ìgbẹ́ gbuuru ń dá dúbúlẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ ọ́ di àmujẹun, omi àti iyọ̀ ara yóò dín kù, ìfun yóò sì di ọ̀lẹ. Kò yẹ kí aboyún mu ún láìgba ìmọ̀ràn.

Rẹ́rẹ́, Senna occidentalis, ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ààtàn. Níbòmíràn, wọ́n ń yan kóró rẹ̀ mu bíi kọfí. Ṣùgbọ́n ní Íńdíà, ìwádìí tí ó jáde ní 2007 fi hàn pé kóró náà ni ó wà nídìí àrùn tí ó ń ba ẹ̀dọ̀, iṣan àti ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí àwọn òbí má jẹ́ kí ọmọ fi kóró rẹ́rẹ́ ṣeré.

Kásíà tí wọ́n gbìn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀bá títì, Senna siamea, wá láti Éṣíà fún ibòji àti igi ìdáná. Òdòdó rẹ̀ jọ ti àsunwọ̀n, ṣùgbọ́n igi ńlá ni. Kì í ṣe àrọ́pò rẹ̀.

Kí ẹlẹ́wé máa já ewé pẹ̀lú òdòdó àti èso rẹ̀. Kí babaláwo máa fi ewé tútù han ọmọ awo, kì í ṣe gbígbẹ nìkan. Kí ilé awo gbin àsunwọ̀n ìbílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí igbó tí ó ti ń hù ń di oko, oko sì ń di ilé. Ewé tí ọmọ awo kò bá dá mọ̀ lónìí ni ewé tí yóò kù nínú oògùn lọ́la.