Ọkọ̀ Wo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Kọ́ Ọ̀nà Tí Ó Le?

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé ka iwájú mi ni pé: bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ojú ọ̀nà ìje kan tí ó le nínú eré ìfọkọ̀sáré orí kọ̀ǹpútà, irú ọkọ̀ wo ni ó yẹ kí ó mú? Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya àwọn kan pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sísá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kíkọ́ ni mo kà á sí ní tèmi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fà mí wọ inú rẹ̀. Ní àkókò ìsinmi kan, ó jókòó sí iwájú ẹ̀rọ, ó yan ọkọ̀ tí ó yára jù lọ nínú gbogbo ọkọ̀ tí eré náà ní, ó sì forí lé ọ̀nà Nürburgring. Kò tí ì rin kìlómítà mẹ́ta tí ó fi kọlu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún kọlù ú. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kejìlá, ó ju ohun tí ó fi ń darí ọkọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá Dókítà, ọpọlọ mi kò gbé e." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ọpọlọ wọn pé pérépéré.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ọ̀nà náà ná. Orílẹ̀-èdè Jámánì ni ó wà, láàárín àwọn òkè Eifel. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Apá àríwá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nordschleife, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 20.8; kọ́nà inú rẹ̀ lé ní 70; ibi tí ó ga jù níbẹ̀ sì fi nǹkan bí mítà 300 ga ju ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ. Jackie Stewart, ọmọ Scotland tí ó gba ipò akọ́kọ́ àgbáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ni ó sọ ọ́ ní Ọ̀run Àpáàdì Aláwọ̀ Ewé. Níbẹ̀ ni iná ti jó Niki Lauda ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 1976, tí ó kù díẹ̀ kí ó kú. Láti ọdún náà ni ìdíje Formula 1 kò ti padà sí ojú ọ̀nà gígùn yẹn mọ́. Àwọn tí ń ṣe eré ẹ̀rọ ni wọ́n wá gbé e wọ ilé oníkálukú: ó wà nínú Grand Prix Legends ti ọdún 1998, ó wà nínú Gran Turismo 4 ti ọdún 2004, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ mìíràn lẹ́yìn wọn.

Kí ni ó mú un le? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye kọ́nà rẹ̀ ni. Lójú tèmi, àìtètè padà ni. Ọ̀nà Monza ní Ítálì kò tó kìlómítà 6. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe ní kọ́nà kan níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú bíi méjì ẹ ti tún bá a pàdé, àṣìṣe náà sì wà lọ́kàn yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Nürburgring, bí ẹ bá ṣi Flugplatz gbà, ẹ ó sáré tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 nínú ọkọ̀ kékeré kí ẹ tó tún rí i. Nínú odindi wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni kọ́nà kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá sì ń forí sọ irin ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, Hatzenbach nìkan ni yóò mọ̀ ní àmọ̀dunjú. Ìyókù ọ̀nà náà yóò ṣókùnkùn sí i títí.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ni mo wá fún ọmọ náà: Mazda MX-5 ti àkọ́kọ́, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 1989. Kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì náà ń yí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọkọ̀ tí ń sá 250 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 69 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ń sá 100 ń rin nǹkan bí mítà 28. Ojú tí kò tí ì mọ ọ̀nà kò lè ka mítà 69 kí kọ́nà tó dé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé agbára ẹ́ńjìnì wà lára rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ẹ́ńjìnì alágbára máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹ wo kọ́nà Bergwerk, tí kò jìnnà sí ibi tí Lauda ti jóná. Bí a bá ti jáde níbẹ̀, òkè ni a ó máa gùn, a ó gba Kesselchen kọjá, títí a ó fi dé Karussell. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ alágbára lè yà ní ìyàkuyà ní Bergwerk. Yóò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, òkè yóò sì di pẹ̀tẹ́lẹ̀ fún un, kò ní mọ̀ pé òun ṣe ohun tí kò dára. MX-5 kò ní forí jì í. Ìyára tí ó bá sọnù ní Bergwerk, kò ní rí i gbà padà lórí òkè náà. Yóò máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ti ń kérora, yóò sì ní àyè láti bi ara rẹ̀ pé: níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé mo tètè yà jù ni? Ṣé mo pẹ́ kí n tó tẹ ẹsẹ̀? Olùkọ́ tí ń mú akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ léèrè báyìí, ẹ wí fún mi, mélòó ni a ní?

Àwọn kan yóò ní kí a mú ọkọ̀ ìje gidi, èyí tí ó ní apá lẹ́yìn, pé ó ń di ilẹ̀ mú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń tẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa àfi bí ó bá ń sáré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù bà, tí ó rọra ń lọ, òun gan-an ni ọkọ̀ náà yóò yọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Ní ti ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà, n kò lòdì sí i fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí kì í sáà pòyì. Èyí tí ẹ bá sì mú, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé ẹ kọlu nǹkan.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì ta kò mí. Ó ní ọkọ̀ kékeré ń parọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́: ibi tí MX-5 gbà kọjá láìtẹ bíréèkì, ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Mo gbà fún un. Ibi tí a ti ń tẹ bíréèkì kò ṣe é gbé láti inú ọkọ̀ kan lọ sínú èkejì. Ohun tí ó ṣe é gbé ni ìrísí ọ̀nà: pé bí a bá ti dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Fuchsröhre, Adenauer Forst ti dé tán, pé inú kòtò oníkọnkéré ti Karussell ni a ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè rí. Àjèjì tí a kọ́kọ́ kọ́ ní "ra ẹja" pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yóò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó bá gbọ́ "rẹja" lẹ́nu ọlọ́jà. Ẹni tí a kọ́kọ́ ju "rẹja" lù yóò pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé "ra" wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, ta ni í sọ "ra ẹja" ní ọjà? Síbẹ̀, ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí n parí ìtàn ọmọ náà. Ní ọjọ́ kẹta tí ó gba MX-5 ni ó kọ́kọ́ yí ọ̀nà náà po láìkọlu ohunkóhun. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú 11 ó lé díẹ̀. Bí ó ti yọ sí Döttinger Höhe, ọ̀nà tààrà gígùn tí ó wà ní ìparí, ó hó yèè bí ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni ó bèèrè bóyá òun lè mú ọkọ̀ ńlá nì báyìí. Mo ní kí ó kọ́kọ́ di ojú, kí ó ka ọ̀nà náà fún mi láti kọ́nà dé kọ́nà. Ó kà á láti Hatzenbach dé Adenauer Forst, ó gba Wehrseifen, ó dé Bergwerk, ó dákẹ́. Ó la ojú, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún lọ mú ọkọ̀ kékeré.

Olóòtú, mo dá ọ̀rọ̀ padà sí ọwọ́ yín.