Òǹwòran Tí Ìṣirò Gbàgbé: Ohun Tí Eré Kọ́ Wa Nípa Bí Àrùn Ṣe Ń Ràn

Ọpọ́n ayò ni mo gbé wá.

Ọmọ ayò 48 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní aráàlú. Mo fi osùn kun ẹyọ kan: òun ló kó fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń kó o ran ẹni méjì kí ara tirẹ̀ tó yá, ẹ bá mi kà á: 1, 2, 4, 8, 16. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló ràn, 31 ti pọ́n, 17 ló kù. Ó yẹ kó tún mú 32, ṣùgbọ́n 32 dà? Ẹni tó ti ṣe àìsàn náà rí ni àrùn ń bá pàdé. Ìdí nìyẹn tí àjàkálẹ̀ àrùn fi ń rọlẹ̀ kó tó kan gbogbo ìlú. Ní 1928, Lowell Reed àti Wade Hampton Frost ní Yunifásítì Johns Hopkins, Amẹ́ríkà, ṣe irú ìṣirò yìí. Bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ayò kì í sá. Kì í bẹ̀rù, kì í yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò kejì. Èèyàn ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ wo eré mìíràn, tí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, 2005, iléeṣẹ́ Blizzard fi ibùdó ogun tuntun kún World of Warcraft, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àìmọye èèyàn jọ ń ṣe. Abàmì kan wà níbẹ̀, Hakkar, tó ń fi àrùn kan ba àwọn tó ń bá a jà. Corrupted Blood ni wọ́n pè é. Ó ń ran ẹni tó bá dúró nítòsí. Àwọn tó ṣe géèmù náà rò pé inú ibùdó yẹn ni yóò parí sí. Wọn kò rántí ẹranko tí àwọn ọdẹ fi ń jagun. Ọdẹ á fi ẹranko rẹ̀ pamọ́ tàrùn-tàrùn, á tún pè é jáde láàárín ìgboro, ni àrùn bá gba ìlú. Ọ̀ta, ẹni tó ti mọ eré náà dunjú, lè fara dà á. Òpè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojú ẹsẹ̀ ló ń kú.

Àwọn kan dúró tọ́jú aláìsàn. Àwọn kan sá lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ń tàn án kálẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ kọ etí ikún. Ìgbà tí wọ́n tún géèmù náà ṣe ni àrùn tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ní 2007, àwọn olùwádìí méjì, Eric Lofgren àti Nina Fefferman, kọ nípa rẹ̀ nínú The Lancet Infectious Diseases. Fefferman tọ́ka sí àwọn tó sáré wọ ìlú tí àrùn wà kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i, tí wọ́n sì tún jáde. Ẹ̀yin tó ń ta ayò mọ irú wọn: òǹwòran ni wọ́n. Ìṣirò ka ọ̀ta, ó ka òpè, ó gbàgbé òǹwòran.

Ẹnìkan lè ní ẹni tó kú nínú géèmù ṣebí ó ń jí. Òótọ́ ni, ikú tí kò dunni a máa sọni di akọni. Géèmù kò lè sọ iye òǹwòran tí yóò wà. Ó kàn ní kí a fi àyè sílẹ̀ fún wọn ni.

Ẹ rántí Ebola ní 2014. Láti Èkó dé Port Harcourt, ó mú èèyàn 20, ó pa 8. Ìṣirò wo ló sọ pé lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, aráàlú yóò máa fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí wọn yóò sì máa mu ún, nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù tó ní ó ń dènà Ebola?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kun ọmọ ayò kan, ẹ kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi àwọn tó yí ọpọ́n ká pé: ta ni yóò sá, ta ni yóò wá wò? Ẹni tó bá nawọ́, ẹ fún un ní ọmọ ayò kan, kó wọnú eré.