Orúkọ Tí Igbe Ọmọ Mú Wá



Ní ọdún 1963, Jérôme Lejeune, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe àrùn kan tí a máa ń bí mọ́ ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀. Wọ́n pè é ní cri du chat, èyí ni ‘igbe ológbò’, nítorí pé igbe ọmọ náà a máa dún tín-ín-rín bí ti ológbò. Ohun tí ó ń fà á ni pé apá kúkúrú kúrómósóòmù karùn-ún kò pé.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Bí ọmọ ṣe wáyé ni ó sọ ọ́ di Ìgè tàbí Àjàyí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò dúró níbẹ̀: wọ́n fi orúkọ àbísọ àti oríkì kún un, kí ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé má baà di gbogbo ìtàn rẹ̀.

Igbe náà a máa yí padà bí ọmọ ti ń dàgbà. Orúkọ kò yí. Ilé ni a sì ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá gbọ́ ‘igbe ológbò’ lè ronú kan àjẹ́, kí ó sì máa fura sí ìyá ọmọ.

Nítorí náà, kí a má ṣe túmọ̀ orúkọ yìí ní olówuuru. ‘Àìpé kúrómósóòmù karùn-ún’ ni kí a pe àrùn náà. Ọmọ náà ní tirẹ̀, orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni kí a máa pè é.